Ọ̀nà Ọkọ̀ Inú Àgbàlá: Ó Sàn Kí Ó Nípọn Ju Kí Ó Fẹ̀ Lọ

Àwọn àgbà ní, ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọ̀rọ̀ yìí a máa wá sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí mo bá ń kọjá lọ ní ìgboro, tí mo sì rí iye ọ̀nà kọnkéré tí ó ti fọ́ yángá-yángá níwájú ilé àwọn ènìyàn wa. Owó kòkó ọdún kan gbáko ni ẹlòmíràn fi ṣe é. Ó ṣe é kí ọkọ̀ má baà rì sínú ẹrẹ̀ nígbà òjò, àti kí àlejò lè rí ibi gbígbẹ fi ẹsẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n kí òjò ọdún kejì tó dá, ó ti là, apá kan rẹ̀ ti rì, omi sì ti dúró lé e lórí. Nígbà náà ni onílé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bú símẹ́ńtì, yóò bú bíríkìlà, yóò sì bú ẹni tí ó ta yanrìn fún un. Èrò tèmi, ẹ̀yin òǹkàwé ọ̀wọ́n, ni pé lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe símẹ́ńtì ni ó jẹ̀bi. Àwa onílé ni a jẹ̀bi, nítorí pé a fẹ́ kí ohun tí a ṣe fẹ̀ lójú ayé, a kì í sì í bèèrè bí ó ti nípọn tó.

Mo lè sọ èyí láìbẹ̀rù, nítorí pé èmi gan-an ti ṣe irú rẹ̀ rí. Nígbà tí ìgbéyàwó ọmọ mi obìnrin kù sí dẹ̀dẹ̀, mo pinnu pé ọ̀nà tí ó ti ẹnu géètì wọ inú àgbàlá wa gbọ́dọ̀ di kọnkéré. Àpò símẹ́ńtì mẹ́wàá ni agbára mi ká. Bíríkìlà tí mo pè wo ilẹ̀, ó wo àpò mẹ́wàá náà, ó sì wí fún mi pé, “Bàbá, bí a bá tẹ́ ẹ dé gbogbo ibi tí ẹ ń nàka sí yìí, kò ní ju íńṣì méjì lọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ipa táyà méjì péré, kí ó sì nípọn dáadáa.” Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ mi. Mo bi í léèrè pé, ta ni yóò yin ipa táyà méjì lọ́jọ́ ìgbéyàwó? Ó ṣe bí mo ti wí. Lọ́jọ́ náà, àwọn àlejò yìn ín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ típà kan kó yanrìn wọlé wá fún wa, mo sì gbọ́ tí kọnkéré náà ń dún lábẹ́ táyà rẹ̀ bí ẹni pé a ń fọ́ ìkòkò.

Síbẹ̀, kì í ṣe èyí ni ó dùn mí jù. Nígbà tí òjò ńlá bẹ̀rẹ̀, omi tí ilẹ̀ àgbàlá mi ti máa ń mu tẹ́lẹ̀ kò rí ibi wọ̀ mọ́. Ó ń ṣàn lórí kọnkéré náà, ó sì ń lọ tààrà sí ẹsẹ̀ ògiri alámọ̀ ti ìyá àgbà kan tí ó múlé tì mí. Ìyá náà kò jà. Ó kàn wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó kí mi, ó sì wí pé, “Ọmọ mi, òjò tí ń rọ̀ sí àgbàlá rẹ, ilé mi ni ó ń wá sùn.” Mo bá a lọ, mo sì rí i pé omi ti gbẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri náà tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn fi lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ojú tì mí. Kí n tó tún ọ̀nà tèmi ṣe ni mo kọ́kọ́ tún ẹsẹ̀ ògiri rẹ̀ ṣe.

Lẹ́yìn náà ni mo jókòó, tí mo sì ṣírò ohun tí bíríkìlà náà ti sọ fún mi. Ẹni tí ó bá ní tákàdá lọ́wọ́ lè ṣe ìṣirò náà pẹ̀lú mi. Ká ní gígùn ọ̀nà náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 30. Bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10, tí ìnípọn rẹ̀ sì jẹ́ íńṣì 2, ẹ sọ 10 di ìlọ́po 2: ó di 20. Bí ó bá sì jẹ́ ipa táyà méjì ni a ṣe, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2, tí ìnípọn sì jẹ́ íńṣì 5, ìbú méjèèjì papọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4. Ẹ sọ 4 di ìlọ́po 5: 20 náà ni. Gígùn wọn kò yàtọ̀. Nítorí náà iye kọnkéré kan náà ni, nǹkan bí àpò mẹ́wàá símẹ́ńtì, bí a bá po ó dáadáa. Owó kan náà ni a ó ná, yálà a ra ohun fífẹ̀ tí yóò fọ́, tàbí a ra ohun tóóró tí yóò dúró.

Ohun tí kò sì hàn sí ojú ni pé agbára kọnkéré láti ru ẹrù kì í pọ̀ sí i bákan náà pẹ̀lú ìnípọn rẹ̀. Bí ìnípọn bá di ìlọ́po méjì, ẹrù tí yóò ṣẹ́ ẹ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà íńṣì 2 dà bí 4, ṣùgbọ́n íńṣì 5 dà bí 25. Èyí ju ìlọ́po mẹ́fà lọ. Àgbẹ̀ tí ó ti fi pákó ṣe afárá sórí odò kékeré mọ èyí láìka ìwé: pákó tí ó ń tẹ̀ gọ̀dọ̀gbà nígbà tí a tẹ́ ẹ ní pẹrẹsẹ yóò dúró gbọn-in bí a bá gbé e dúró ní ẹ̀gbẹ́.

Àwọn baba wa pẹ̀lú mọ̀ ọ́n. Ní Ilé-Ifẹ̀, títí di òní olónìí, a ń rí ilẹ̀ àgbàlá àtijọ́ tí a fi àpáàdì tẹ́, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí àpò símẹ́ńtì kankan tó dé ilẹ̀ wa. Ìtàn sì so iṣẹ́ náà mọ́ ìgbà Lúwo, obìnrin tí ó jọba ní Ifẹ̀. Wọn kò dùbúlẹ̀ àpáàdì wọ̀nyí. Ní ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gbé wọn nàró, wọ́n sì tò wọ́n súnmọ́ra tímọ́tímọ́, kí ẹsẹ̀ ènìyàn lè máa tẹ etí wọn. Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí kọ́ nínú rẹ̀. Èkínní ni pé ohun tí ó jinlẹ̀ sàn ju ohun tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ lọ. Èkejì ni pé ohun tí a pín sí wẹ́wẹ́ kì í là kiri. Bí ilẹ̀ bá mì díẹ̀, àlàfo tí ó wà láàárín wọn ni yóò gbà á mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí á fi ẹ̀kọ́ méjèèjì sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sí wọn.

Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kọnkéré kò lè pẹ́. Ní ìlú Bellefontaine, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ George Bartholomew fi kọnkéré ṣe ojú títì ní ọdún 1891, apá kan rẹ̀ sì wà níbẹ̀ di òní. Ní ilẹ̀ wọn, omi a máa dì sí yìnyín nínú kọnkéré, a sì máa fọ́ ọ. Yìnyín kì í yọ wá lẹ́nu níhìn-ín. Ọ̀tá tiwa yàtọ̀: omi òjò tí ń gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, oòrùn àti ọyẹ́ tí ń fa omi ara rẹ̀ kí ó tó le, àti ilẹ̀ tí ń wú tí ó sì ń sún kì. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀tá rẹ̀, kò lè mọ ibi tí yóò ṣọ́.

Ilẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ wò. Ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ògbómọ̀ṣọ́, Iléṣà àti ọ̀pọ̀ ìlú òkè, ilẹ̀ pupa ni a ní, yangí sì wà lábẹ́ rẹ̀ níbi púpọ̀. Ilẹ̀ rere ni fún iṣẹ́ yìí, bí a bá ti kó ilẹ̀ dúdú tí ó wà lókè kúrò pẹ̀lú gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà inú rẹ̀. Oúnjẹ iṣu ni ilẹ̀ dúdú yẹn, kì í ṣe ìpìlẹ̀. Ẹ gbẹ́ kòtò ipa táyà kọ̀ọ̀kan jìn tó íńṣì 8. Ẹ da yangí wẹ́wẹ́ sí i tó íńṣì 4, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ sì gún un mọ́lẹ̀ títí gìgísẹ̀ yín kò fi ní lè tẹ̀ ẹ́ wọlé mọ́. Yangí gbígbẹ kì í gún mọ́ra. Èyí tí ó sì rin jù a di ẹrẹ̀. Èyí tí a bá fún ní ọwọ́ tí ó dì, tí kò sì rin ọwọ́, ni ó dára. Kọnkéré íńṣì 5 yóò wá jókòó lé e lórí, yóò sì yọ íńṣì kan sókè ilẹ̀. Àléébù ilẹ̀ pupa kan ṣoṣo ni pé omi a máa tètè wọ́ ọ lọ ní etí kọnkéré. Nítorí náà, kí a gbin koríko tí ń rá pálá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní kíákíá.

Ilẹ̀ dúdú alámọ̀, èyí tí ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́ nígbà òjò tí ó sì ń sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni ó nira jù lọ. Irú rẹ̀ wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ní àárín Allada àti Abomey, ní ibi tí a ń pè ní Lama. Ọ̀rọ̀ Potogí ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹrẹ̀. Bí ìka ọwọ́ yín bá lè wọ inú ibi tí ilẹ̀ yín ti sán nígbà ọyẹ́, irú ilẹ̀ yìí ni ẹ ní. Ó ń wú bí ó bá mu omi, ó ń sún kì bí ó bá gbẹ, kò sì sí ìnípọn kọnkéré tí yóò dá a dúró pátápátá. Ẹ gbẹ́ ẹ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì fi yangí tí ẹ ń gún ní ìpele ìpele rọ́pò rẹ̀. Ẹ má ṣe gbin igi ńlá sí ìtòsí, nítorí gbòǹgbò igi a máa fa omi ilẹ̀ náà mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má sì ṣe ṣe iṣẹ́ náà ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí ilẹ̀ ti sún kì tán. Bí òjò bá dé, yóò gbé kọnkéré yín sókè.

Ní etí òkun àti ọ̀sà, bí Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, yanrìn ni ilẹ̀. Omi tètè ń gba inú rẹ̀ kọjá, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n yanrìn a máa sá kúrò lábẹ́ etí kọnkéré bí kò bá sí ohun tí ó dì í mú. Kí a rin ín dáadáa kí a tó gún un, kí a sì to búlọ́ọ̀kù sí ẹ̀gbẹ́. Kí a má ṣe fi yanrìn òkun tàbí omi iyọ̀ po kọnkéré, pàápàá bí irin yóò bá wà nínú rẹ̀, nítorí iyọ̀ ni yóò jẹ irin náà tán.

Nípa ti símẹ́ńtì, láyé àwọn baba wa, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé e wá láti òkèèrè. Ní ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ Ewékorò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é láti inú òkúta ẹfun ilẹ̀ tiwa. Lónìí ó wà lọ́jà gbogbo, ṣùgbọ́n kì í ṣe oríṣi kan. Ẹ máa ka ohun tí a tẹ̀ sára àpò. Ní ọdún 2014, àjọ ìjọba tí ń mójú tó ìdíwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà là á sílẹ̀ pé èyí tí a kọ 32.5 sí wà fún rírẹ́ ògiri, èyí tí a kọ 42.5 sí sì ni ti búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré. Ẹni tí ó bá fi èyí tí ó wà fún rírẹ́ ògiri ṣe ọ̀nà ọkọ̀ ti gbé ẹrù ẹṣin lé ewúrẹ́. Bí ẹ bá fọwọ́ kan àpò tí inú rẹ̀ ti dì kókó, ẹ má ṣe rà á.

Òṣùwọ̀n tí mo ń lò ni símẹ́ńtì kan, yanrìn odò méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta. Àpò oní-50 kílò kan gba àyè tó nǹkan bí lítà 35. Nítorí náà yanrìn yóò jẹ́ lítà 70, òkúta yóò sì jẹ́ lítà 105. Ẹ kan àpótí pákó tí ẹ ó máa fi wọ̀n ọ́n, kí ẹ má ṣe fi ṣọ́bìrì díwọ̀n, nítorí ṣọ́bìrì ẹni tí ebi ń pa kò dọ́gba pẹ̀lú ṣọ́bìrì ẹni tí ó yó.

Ṣùgbọ́n omi ni ọ̀ràn wà. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan ti tó fún àpò símẹ́ńtì kan. Bí yanrìn bá ti rin tẹ́lẹ̀, kò ní tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Àwọn òṣìṣẹ́ a fẹ́ràn láti dà á sí i, kí ó lè rọrùn fún wọn láti tẹ́. Ẹ má ṣe gbà fún wọn. Omi tí símẹ́ńtì kò bá lò yóò gbẹ kúrò, yóò sì fi ihò tín-ín-tín sílẹ̀ káàkiri inú kọnkéré náà, bí ihò inú àkàrà. Kọnkéré rere, bí a bá kó o jọ bí ebè, yóò dúró bí ebè. Èyí tí ó bá ṣàn bí ọbẹ̀ ti bàjẹ́ kí a tó tẹ́ ẹ. Èyí tí a bá sì ti pò, kí a lò ó láàárín wákàtí kan. Kí a má ṣe da omi sí èyí tí ó ti ń le láti jí i dìde.

Nígbà tí a bá ń tẹ́ ẹ, kí á rántí ẹ̀kọ́ àpáàdì Ifẹ̀. Kọnkéré yóò sún kì bí ó ti ń gbẹ. Bí a kò bá fi ibi tí yóò là hàn án, òun tìkára rẹ̀ ni yóò yan ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi pákó pín ipa táyà kọ̀ọ̀kan sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ kọ́kọ́ da èkínní, ẹ fo èkejì, kí ẹ da ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe títí dé òpin. Ní ọjọ́ kejì, ẹ yọ pákó kúrò, ẹ fi bébà àpò símẹ́ńtì tẹ́ etí èyí tí ó ti le, kí ẹ sì wá da àwọn tí ẹ fò. Wọn yóò fara kanra, ṣùgbọ́n wọn kò ní lẹ̀ mọ́ra, olúkúlùkù yóò sì lè sún kì ní àyè tirẹ̀. Ẹ fi igi gún un dáadáa kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú rẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ̀ gbá ojú rẹ̀ kí ó tó le, kí ẹsẹ̀ àgbàlagbà má baà yọ̀ lórí rẹ̀ lọ́jọ́ òjò.

Àárín ipa táyà méjèèjì, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sílẹ̀ ní àlàfo. Èyí yóò bá ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ kéékèèké mu. Níbi tí ọ̀nà bá ti yí, ẹ jẹ́ kí ìbú ipa náà pọ̀ sí i. Bí ó bá sì jẹ́ pé lọ́rì tí ń kó kòkó tàbí típà ni yóò máa wọlé nígbà gbogbo, íńṣì 5 kò tó. Ẹ ṣe é ní íńṣì 7, kí ẹ sì jẹ́ kí yangí abẹ́ rẹ̀ nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan yóò sọ pé irin ni kí a fi sí i. Irin a máa di ojú ibi tí kọnkéré ti là mọ́ra kí ó má ṣe ya, ṣùgbọ́n kò lè sọ íńṣì 2 di íńṣì 5. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó ra méjèèjì, kí ó ra ìnípọn.

Mo wá dé ibi tí iṣẹ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́ lẹ́yìn tí a ti ṣe é tán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kọnkéré ń le nítorí pé ó gbẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ni símẹ́ńtì ń mu tí ó fi ń le. Bí omi bá tán lára rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, líle rẹ̀ yóò dúró níbẹ̀. Oòrùn ọ̀sán wa lè ṣe èyí, ọyẹ́ sì burú jù ú lọ, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ rẹ̀ a máa fa omi jáde àní nígbà tí ara ènìyàn ń tutù. Nítorí náà, ẹ tẹ́ kọnkéré ní òwúrọ̀ kùtù tàbí nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Gbàrà tí ojú rẹ̀ bá ti le tó láti fi ọwọ́ kàn, ẹ fi àpò ìdọ̀họ tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, kí ẹ sì máa bomi rin ín, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọjọ́ méje, kí ó má ṣe gbẹ rárá. Ọmọdé ilé lè ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Kí ọkọ̀ kékeré má ṣe gùn ún kí ọjọ́ méje tó pé, kí lọ́rì má sì ṣe gùn ún kí ọjọ́ 28 tó pé. Sùúrù ọjọ́ 28 fún ohun tí ẹ fẹ́ lò ní ọgbọ̀n ọdún, ṣé ó pọ̀ jù?

Bí ẹ bá bi mí léèrè ìgbà tí ó dára jù láti ṣe é, èmi yóò wí pé ní oṣù kọkànlá ọdún, nígbà tí òjò àrọ̀kúrò bá ń parí lọ. Ilẹ̀ ṣì ní omi lára, kànga kò tíì gbẹ, ọyẹ́ kò tíì dé, ìjì òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún sì jìnnà. Ó sì bọ́ sí àsìkò tí owó kòkó ń wọlé.

Ọ̀ràn omi ni mo fẹ́ fi tẹnu mọ́ ọn jù lọ, nítorí pé kì í ṣe ọ̀ràn owó nìkan. Òjò tí ń rọ̀ ní Ìbàdàn ní ọ̀pọ̀ ọdún a máa tó 1,200 mìlímítà. Àgbàlá ẹsẹ̀ bàtà 30 ní gígùn àti 10 ní ìbú yóò gba ohun tí ó lé ní 33,000 lítà láàárín ọdún kan. Bí ẹ bá fi kọnkéré bò ó, omi yìí kò parẹ́. Ẹ kàn rán an níṣẹ́ ni, ilé ẹnìkan ni yóò sì jẹ́ iṣẹ́ náà fún. Ipa táyà méjì pẹ̀lú koríko láàárín kò lé e jìnnà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń mu ún. Ẹ jẹ́ kí ojú kọnkéré rọ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ní ìwọ̀n íńṣì kan fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kí ó sì kọjú sí ibi tí koríko wà, kì í ṣe sí ògiri yín tàbí ti aládùúgbò. Bí àyè bá há, ẹ gbẹ́ ihò jíjìn, kí ẹ kó òkúta kún inú rẹ̀, kí omi lè máa wọ ilẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 16 sí ilé, kí ó má sì súnmọ́ kànga.

Ìlera wa pẹ̀lú wà nínú rẹ̀. Ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri fẹ́ràn omi díẹ̀ tí ó dúró nínú oòrùn, irú èyí tí ń wà nínú ojú ipa táyà àti nínú kòtò kọnkéré fífọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin ibẹ̀ ti di ẹ̀fọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ọ̀nà rírì sílẹ̀ níwájú ilé rẹ̀ ń sin ẹ̀fọn fún gbogbo àdúgbò.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn. Wọn yóò ní, “Kọnkéré fífẹ̀ ni a fi ń sá kòkó àti láfún.” Èyí jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n kí a má ṣe sá oúnjẹ sí ibi tí ọkọ̀ ń gùn, tí epo dúdú ń kán sí, tí ẹrẹ̀ táyà sì ń bọ́ sí. Bí ẹ bá fẹ́ ibi ìsáǹkan, ẹ ṣe é lọ́tọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Íńṣì 3 ti tó fún un, nítorí ẹsẹ̀ ènìyàn nìkan ni yóò máa tẹ̀ ẹ́. Àwọn mìíràn yóò ní ipa táyà méjì dà bí iṣẹ́ tálákà. Èmi wí pé ọ̀nà tí ó fọ́ ni iṣẹ́ tálákà, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni a ó sanwó rẹ̀.

Kí n tó dákẹ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́. Símẹ́ńtì tútù a máa jó ara, kì í sì í dunni lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́, ẹ má ṣe kúnlẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ wọ bàtà òjò, kí ẹ fi aṣọ di imú nígbà tí ẹ bá ń tú àpò. Bí ó bá ta sí ara, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án lójú kan náà. Bí ó bá ta sí ojú, ẹ máa fi omi mímọ́ ṣàn án fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Ọ̀nà tí ó wà ní àgbàlá mi lónìí kò fẹ̀. Ipa méjì ni, koríko sì wà láàárín wọn. Àlejò kan kò yìn ín rí, ṣùgbọ́n kò là. Nígbà tí òjò bá sì rọ̀ ní òru, mo lè sùn, nítorí mo mọ̀ pé ìyá àgbà tí ó múlé tì mí náà ń sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti kó owó jọ láti ṣe tiyín nígbà tí òjò ọdún yìí bá lọ tán, ẹ gbé ìwọ̀n jáde kí ẹ tó gbé ṣọ́bìrì. Ẹ bèèrè bí ó ti nípọn tó, ẹ bèèrè ibi tí omi rẹ̀ ń lọ, lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó bèèrè bí ó ti fẹ̀ tó.